Táblẹ́ẹ̀tì ni àbí láptọ́ọ̀pù? Bí ẹ ṣe lè mọ èyí tí ẹ nílò gan-an

Bí ẹnì kan bá béèrè pé èwo ló dáa jù nínú táblẹ́ẹ̀tì àti láptọ́ọ̀pù, ẹ̀rọ kẹta kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò kà mọ́ ọn: fóònù rẹ̀. Fóònù òde òní ń ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ohun tí táblẹ́ẹ̀tì ń ṣe. Irú áàpù kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò. Android ló ń darí fóònù Android àti táblẹ́ẹ̀tì Android. iPadOS tó ń darí iPad náà, ara iOS ti iPhone ló wà kí Apple tó yà á sọ́tọ̀ lọ́dún 2019. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ni pé: kí ni fóònù mi ò lè ṣe fún mi, kí sì ni ohun tó ń fi ìnira ṣe?

Lílò tí à ń sọ níhìn-ín ni ti ẹni tí kì í fi ẹ̀rọ jẹun: ó fẹ́ ka ìròyìn, kó wo fíìmù, kó dáhùn ímeèlì, kó pe àwọn ẹbí rẹ̀ lórí fídíò, kó san owó iná, kó kún fọ́ọ̀mù, kó kọ lẹ́tà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ rẹ̀ sì fi ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ẹni tó ń gé fídíò fún àwọn oníbàárà tàbí tó ń ṣe ìṣirò owó fún ilé iṣẹ́ ti mọ ohun tó fẹ́ rà.

Kí ẹ tó náwó, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan ṣọ́ ara yín. Nígbàkígbà tí fóònù bá sú yín, ẹ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ ní gbólóhùn kan. "Lẹ́tà inú PDF yìí kéré jù, ìka ni mo fi ń fẹ̀ ẹ́ kiri." "Wọ́n ní kí n so fáìlì mẹ́rin pọ̀ kí n tó fi ránṣẹ́." "Ọrùn ń dùn mí níbi tí mo ti ń wo fíìmù." "Mo fẹ́ máa wo ìwé kan kí n sì máa kọ̀wé lórí òmíràn." Tí ọ̀sẹ̀ bá pé, ẹ pín àwọn gbólóhùn náà sí méjì. Èyí tó jẹ́ ẹ̀sùn ojú, ìyẹn kíkà, wíwò àti fífẹ nǹkan, táblẹ́ẹ̀tì ló máa yanjú rẹ̀. Èyí tó jẹ́ ẹ̀sùn ọwọ́, ìyẹn títẹ̀, kíkó fáìlì kiri àti ṣíṣe nǹkan méjì pọ̀, láptọ́ọ̀pù ló ni ín. Bí ẹ̀sùn kankan ò bá sí nínú ìwé yẹn, ẹ jẹ́ kí owó yín sinmi.

Fáìlì ni ààlà

Ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì jù láàárín ẹ̀rọ méjèèjì kì í ṣe kíbọ́ọ̀dù, nítorí pé kíbọ́ọ̀dù ṣeé rà fún táblẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú fáìlì ni.

Lórí láptọ́ọ̀pù, fáìlì dá dúró. Inú fódà ló wà. Ètò èyíkéyìí tó bá mọ irú rẹ̀ lè ṣí i, kó tún un ṣe, kó sì dá a padà síbi tó ti mú un. Lórí táblẹ́ẹ̀tì, ńṣe ló dà bíi pé áàpù kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀ tó tì pa, tó sì kó ẹrù rẹ̀ sínú ibẹ̀. Nítorí ààbò ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀: eré kan tí ọmọdé gbé sórí ẹ̀rọ kò lè ráyè yẹ inú áàpù báǹkì yín wò. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dáàbò bò yín yìí náà ló máa ń dí yín lọ́wọ́. Nígbà tí fáìlì bá ń ti inú áàpù kan bọ́ sínú òmíràn, ẹ̀dà tuntun ló sábà máa ń di. Ẹnì kan gba ìwé nínú ímeèlì, ó ṣí i nínú áàpù mìíràn, ó kún un, ó buwọ́ lù ú, ó padà sínú ímeèlì láti fi ránṣẹ́, àṣé èyí tí kò tíì kún ló fi ránṣẹ́. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ gan-an, kì í sì í ṣe àìmọ̀kan. Ẹ̀dà méjì ló wà, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ìwé náà sínú áàpù Files, ẹ ṣí i láti ibẹ̀, kí ẹ sì so ó mọ́ ímeèlì láti ibẹ̀ pẹ̀lú. Ó ti sàn ju bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ lọ lórí iPad: ọdún 2017 ni Apple gbé áàpù Files jáde, ó sì di ọdún 2019 kí iPad tó lè ka fláṣì tí ẹ bá kì bọ̀ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ máa gbé fláṣì kan káàkiri láàárín Windows, Mac àti táblẹ́ẹ̀tì, ẹ fọ́máàtì rẹ̀ sí exFAT, ìyẹn ọ̀kan nínú ọ̀nà tí fláṣì gbà ń to fáìlì. FAT32 náà ṣeé kà níbi gbogbo, àmọ́ kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá ju 4GB lọ, ìdí nìyẹn tí fíìmù gígùn fi máa ń kọ̀ láti wọlé bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè ṣì pọ̀ lórí fláṣì náà.

Ẹ wo iṣẹ́ kan tó máa ń kan gbogbo èèyàn: fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní kí ẹ fi fọ́tò tí kò ju 200KB lọ sí i, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí mẹ́ta tí ẹ so pọ̀ di PDF kan. Táblẹ́ẹ̀tì ló máa borí ní ti ìwé ẹ̀rí. Ẹ ṣí áàpù Notes lórí iPad, tàbí Google Drive lórí Android, ẹ yan ibi tí wọ́n ti ń ya àwòrán ìwé, ẹ ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ léra, ó sì ti di PDF kan ṣoṣo. Láptọ́ọ̀pù kò ní kámẹ́rà ẹ̀yìn tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fọ́tò tí kámẹ́rà òde òní yà sábà máa ń tó 2MB sí 5MB. Láti dín in kù lórí Windows, ẹ ṣí i nínú áàpù Photos, ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta (...), ẹ yan Resize image, kí ẹ sì dín fífẹ̀ rẹ̀ kù sí nǹkan bíi 600 píksẹ́lì. Lórí Mac, ẹ ṣí i nínú Preview, kí ẹ lọ sí Tools, lẹ́yìn náà Adjust Size. Lórí táblẹ́ẹ̀tì, ẹ sábà máa ní láti wá áàpù mìíràn fún un.

Ibẹ̀ ni wàhálà kejì ti ń yọjú. Ẹ ti kún fọ́ọ̀mù dé ìdajì, ẹ kúrò nínú bráúsà láti lọ dín fọ́tò kù, nígbà tí ẹ fi máa padà dé, ojú ewé náà ti tún ara rẹ̀ ṣí, gbogbo ohun tí ẹ kọ ti lọ. Íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ ló fa èyí. Táblẹ́ẹ̀tì tí RAM rẹ̀, ìyẹn àyè ìrántí tó ń lò fún iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́, kéré máa ń gba àyè lọ́wọ́ ohun tí ẹ kò wò lọ́wọ́ kó lè fi fún èyí tí ẹ ń wò. Ẹni tó bá ń kún irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ lórí táblẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ti to gbogbo fáìlì rẹ̀ sílẹ̀ kó tó ṣí ojú ewé náà rárá. Ẹni tó sì ń kún un lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóṣù, láptọ́ọ̀pù ni kó rà.

Ohun kan tún wà tí àwọn olùtajà kì í sọ: ọ̀pọ̀ ètò tí wọ́n fi ń ṣọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà ìdánwò orí íntánẹ́ẹ̀tì, orí Windows tàbí Mac nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Pírńtà àtijọ́ tó jẹ́ wáyà USB nìkan ló ní náà kì í sábà bá táblẹ́ẹ̀tì ṣe. Pírńtà tí táblẹ́ẹ̀tì mọ̀ dáadáa ni èyí tó ní Wi-Fi, tí wọ́n kọ AirPrint sí fún iPad tàbí Mopria fún Android.

Ìwé kíkọ, àti iye owó tí kíbọ́ọ̀dù máa ń fà

Kíbọ́ọ̀dù ojú táblẹ́ẹ̀tì tó fún ímeèlì onílà márùn-ún. Bí ẹ bá dá ẹ̀rọ náà dùbúlẹ̀, kíbọ́ọ̀dù náà á gba nǹkan bí ìdajì ojú rẹ̀, ẹ kò sì ní rí ju ìlà mélòó kan lọ nínú ohun tí ẹ ń kọ. Ẹni tó bá ń kọ ju ojú ewé kan lọ lẹ́ẹ̀kan nílò kíbọ́ọ̀dù gidi.

Oríṣi méjì ló wà. Èyí tó ń lo Bluetooth kì í wọ́n, ó sì ń bá táblẹ́ẹ̀tì tó bá wù yín ṣe, àmọ́ ó ní bátìrì tirẹ̀ tí ẹ ní láti máa chájì, ó sì máa ń gba ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó jí. Èyí tó ń fi ojú irin kéékèèké kan ara táblẹ́ẹ̀tì ń gba iná láti ara rẹ̀, kì í sì í fi àkókò ṣòfò, ṣùgbọ́n irú táblẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló ń bá mu, ó sì máa ń wọ́n. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ dáadáa: iye táblẹ́ẹ̀tì, iye kíbọ́ọ̀dù, iye pẹ́ẹ̀nì, iye àpò. Lọ́pọ̀ ìgbà, àròpọ̀ wọn máa ń ju iye láptọ́ọ̀pù tó dáa lọ. Ìwọ̀n náà ń kọ́? Táblẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ ínǹsì 11 sábà máa ń wúwo tó 450 sí 550 gíráàmù. Kíbọ́ọ̀dù tó ní pádì ìtọ́ka lè fi 500 gíráàmù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún un. Ẹrù yín ti kọjá kílò kan, láptọ́ọ̀pù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì wà tí kò ju kílò 1.2 sí 1.4 lọ.

Kì í ṣe pé a ní kí ẹ má ra kíbọ́ọ̀dù fún táblẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ti nílò táblẹ́ẹ̀tì nítorí ojú rẹ̀, tó sì ń kọ lẹ́tà kan lóṣù, kó ra ti Bluetooth. Ohun tí a lòdì sí ni kí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títẹ̀ ra táblẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú èrò pé òun á sọ ọ́ di láptọ́ọ̀pù bó bá yá. Kíbọ́ọ̀dù á tó o lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ fáìlì á ṣì wà níbẹ̀.

Bí ẹ bá ń lo Word àti Excel, ẹ mọ̀ pé ti orí táblẹ́ẹ̀tì kì í ṣe odindi. Excel orí iPad kì í ṣiṣẹ́ pẹ̀lú macro tí wọ́n fi VBA kọ, ìyẹn àwọn àṣẹ tó ń dá ṣe iṣẹ́ nínú ìwé Excel. Microsoft sì fi ààlà sí i: lórí ẹ̀rọ tí ojú rẹ̀ kò ju ínǹsì 10.1 lọ, ẹ lè ṣàtúnṣe ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ nínú àwọn áàpù wọn. Tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ní láti máa san owó Microsoft 365 kí ẹ tó lè kọ nǹkan sí i. Ọ̀pọ̀ ló ra táblẹ́ẹ̀tì onínsì 11 láìmọ èyí. Google Docs kò ní irú ààlà bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni LibreOffice, tó ń ṣe irú iṣẹ́ Word àti Excel, wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún láptọ́ọ̀pù.

Ẹni tó ń kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn máa rí ìrọ̀rùn lórí táblẹ́ẹ̀tì Android, nítorí pé Gboard, áàpù kíbọ́ọ̀dù ti Google, ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá. Lórí Mac, ẹ yan ABC Extended nínú àwọn kíbọ́ọ̀dù tó wà nínú Settings, ẹ ó lè fi àmì sókè àti sábẹ́ lẹ́tà láìfi ètò mìíràn kún un.

Ibi tí táblẹ́ẹ̀tì ti ju láptọ́ọ̀pù lọ pátápátá

Ìwé kíkà ni àkọ́kọ́. Ìwé A4 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 21 ní fífẹ̀ àti 29.7 ní gígùn. Ojú láptọ́ọ̀pù onínsì 15.6 kò ga ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 19 lọ, nítorí náà bí ẹ bá ṣí A4 bó ṣe tóbi gan-an, ẹ kò ní rí ju ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ lójú kan, ẹ ó máa fà á sókè sódò. Táblẹ́ẹ̀tì onínsì 11 tí ẹ bá dá dúró lóòró á fi odindi ojú ewé náà hàn yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa kéré díẹ̀, ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin fífẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn, orin onílà, tàbí ìwé ẹ̀kọ́ oníPDF kò ní kábàámọ̀ táblẹ́ẹ̀tì.

Pẹ́ẹ̀nì tún wà níbẹ̀, fún ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ kọ nǹkan sára ìwé tàbí tó fẹ́ yàwòrán. Pẹ́ẹ̀nì kì í ṣe gbogboǹṣe. Oríṣi Apple Pencil mẹ́rin ló ti jáde, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló ń bá gbogbo iPad ṣe. Èyí tó ń lo USB-C kò mọ ìgbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ líle yàtọ̀ sí ìgbà tí ẹ rọra tẹ̀ ẹ́, kò sì yẹ fún ayàwòrán. Ẹ wo orúkọ iPad yín dáadáa kí ẹ tó ra pẹ́ẹ̀nì.

Àgbàlagbà tó fẹ́ máa rí ojú àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ nílò táblẹ́ẹ̀tì ju láptọ́ọ̀pù lọ. Kì í pẹ́ tan, lẹ́tà rẹ̀ ṣeé sọ di ńlá, bátìrì rẹ̀ sábà máa ń tó wákàtí 10, áàpù rẹ̀ sì ń wá láti ilé ìtajà áàpù, nítorí náà ó ṣòro díẹ̀ kí ètò burúkú tó wọlé. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò dí àwọn oníjìbìtì tó ń pe ènìyàn lórí fóònù lọ́wọ́. Ẹ jókòó ti àgbà yín, kí ẹ ṣàlàyé fún wọn pé kí wọ́n má sọ nọ́ńbà ìwọlé tí báǹkì fi ránṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ti ọmọdé, iPad ilé jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo; kò fàyè gba kí ẹni kọ̀ọ̀kan ní ojú tirẹ̀ bíi ti Windows. Bí ẹ bá fẹ́ fi fún ọmọ láti wo ohun kan ṣoṣo, ẹ lọ sí Settings, Accessibility, Guided Access, kí ẹ tàn án, kí ẹ sì fún un ní nọ́ńbà àṣírí. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí áàpù tí ẹ fẹ́, ẹ tẹ bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ tàbí bọ́tìnì òkè, tàbí bọ́tìnì Home lórí iPad tó ní in, lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀ léra, ọmọ kò ní lè jáde nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ táblẹ́ẹ̀tì Android ní tiwọn lè gba ju ènìyàn kan lọ, kálukú pẹ̀lú áàpù àti fáìlì tirẹ̀. Bí ilé bá máa pín ẹ̀rọ kan lò, Android tàbí láptọ́ọ̀pù ló dáa jù.

Fíìmù wíwò ni gbogbo èèyàn gbà pé ti táblẹ́ẹ̀tì ni, òótọ́ sì ni, àfi ibì kan tó máa ń já ènìyàn kulẹ̀. Àwọn táblẹ́ẹ̀tì Android tó pọ̀kú jù, Widevine L3 nìkan ni wọ́n ní, ìyẹn ìpele tó rẹlẹ̀ jù nínú ètò tó ń dáàbò bo fíìmù kí wọ́n má bàa jí i dà kọ. Àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù bíi Netflix kì í fi àwòrán tó mọ́ kedere ránṣẹ́ sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. 480p ló máa ń dúró sí, kódà bí ojú ẹ̀rọ náà bá jẹ́ Full HD. Íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ ló fà á, ẹ kò sì lè tún un ṣe. Ẹ rí i pé wọ́n kọ Widevine L1 sí èyí tí ẹ fẹ́ rà.

Nọ́ńbà ara páálí

Nọ́ńbà kan náà kì í túmọ̀ sí ohun kan náà lórí ẹ̀rọ méjèèjì. RAM 4GB lè gbé táblẹ́ẹ̀tì tó wà fún kíkà àti wíwò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 6GB tàbí 8GB á jẹ́ kó pẹ́ sí i. RAM 4GB lórí láptọ́ọ̀pù Windows, ìyà ni. Microsoft kọ ọ́ pé Windows 11 lè wọ orí ẹ̀rọ tó ní RAM 4GB àti àyè ìpamọ́ 64GB. Wíwọ̀ ló sọ, kò sọ pé ó máa rìn. Ẹ má ra èyí tó kéré sí 8GB, bó bá sì jẹ́ èyí tí wọ́n lẹ RAM rẹ̀ mọ́ pátákó, tí ẹ sì fẹ́ lò ó ju ọdún márùn-ún lọ, ẹ wá 16GB.

Àyè ìpamọ́ ló burú jù nínú àwọn láptọ́ọ̀pù olówó pọ́ọ́kú. Wọ́n á kọ 64GB eMMC, irú ibi ìpamọ́ kan tó pọ̀kú. Àkọ́kọ́, nǹkan bíi 59GB ni Windows máa fi hàn yín, nítorí pé ẹni tó ṣe é fi ẹgbẹ̀rún ka byte rẹ̀, Windows sì ń fi 1,024 kà á. Windows fúnra rẹ̀ á gba apá tó pọ̀ nínú èyí. Bí ọ́pdéètì ńlá bá dé, á wá àyè láti tú ara rẹ̀ sí, kò ní rí i, á kùnà, á tún gbìyànjú, á tún kùnà. Nígbà náà ni ẹ ó máa pa fọ́tò àti fáìlì rẹ́ kí ẹ̀rọ lè simi. eMMC kò sì ṣeé pààrọ̀, ara pátákó ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. SSD 256GB, ìyẹn ibi ìpamọ́ tó yára, ni kí ẹ béèrè fún. Fún táblẹ́ẹ̀tì, 128GB tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn. iPad kò ní ibi tí ẹ ti lè ki káàdì bọ̀ ọ́, nítorí náà iye tí ẹ rà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni ẹ ó máa bá lọ. Ọ̀pọ̀ táblẹ́ẹ̀tì Android ń gba microSD, àmọ́ fọ́tò, orin àti fíìmù ló wúlò fún jù. Ọ̀pọ̀ áàpù kì í gbà kí ẹ kó wọn lọ síbẹ̀.

Ní ti processor, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ, ẹ sá fún Celeron N4020. Oníkóòrù méjì ni, ọdún 2019 ló jáde, a ṣì ń rí i nínú láptọ́ọ̀pù tí wọ́n pè ní tuntun. N100 tó jáde lọ́dún 2023 ní kóòrù mẹ́rin, ó sì lè gbé lílò ilé dáadáa bí RAM rẹ̀ bá jẹ́ 8GB. Bí ẹ bá rí "S mode" lára láptọ́ọ̀pù Windows, áàpù inú Microsoft Store nìkan ló máa gbà. Ẹ lè yọ ọ́ kúrò lọ́fẹ̀ẹ́ nínú Settings, ṣùgbọ́n kò ṣeé dá padà.

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé bí owó bá kéré gan-an, táblẹ́ẹ̀tì tó dáa ni owó yẹn lè rà. Táblẹ́ẹ̀tì olówó kékeré láti ilé iṣẹ́ tó lórúkọ á ṣiṣẹ́ rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù tuntun tí iye rẹ̀ jẹ́ ìyẹn á máa fa ẹsẹ̀ láti ọjọ́ kejì. Bí láptọ́ọ̀pù ni ẹ nílò tí owó kò tó, àlòkù tó ti ọwọ́ ilé iṣẹ́ jáde sàn ju tuntun tó rẹlẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ ra àlòkù

Láptọ́ọ̀pù ní àǹfààní ńlá níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ilé iṣẹ́ ṣeé tú láti ìsàlẹ̀. Bátìrì, SSD, kíbọ́ọ̀dù, nígbà mìíràn RAM pàápàá, gbogbo wọn ṣeé pààrọ̀. Gíláàsì àti bátìrì táblẹ́ẹ̀tì, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ wọ́n. Ẹni tó fẹ́ ṣí i ní láti fi ooru yọ́ gọ́ọ̀mù náà, gíláàsì sì lè fọ́ níbẹ̀.

Ní ti Windows, Microsoft dá àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Láptọ́ọ̀pù tí kò lè gba Windows 11, ẹ má rà á, àyàfi tí ẹ bá mọ Linux lò, ìyẹn ètò ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows. Fún processor Intel, ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé àmì (-): i5-7200U jẹ́ ìran keje, kò gbà á, i5-8250U jẹ́ ìran kẹjọ, ó gbà á, i5-1135G7 jẹ́ ìran kọkànlá. Fún AMD, Ryzen 3000 sókè ni kí ẹ wá. Ẹ lè gbé ètò PC Health Check ti Microsoft sórí rẹ̀ kó sọ fún yín.

Lẹ́yìn èyí, bátìrì. Ẹ tẹ cmd síbi ìwákiri Windows, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ kọ *powercfg /batteryreport*, kí ẹ sì tẹ Enter. Á sọ ibi tó tọ́jú ìròyìn náà sí. Ẹ ṣí i nínú bráúsà. Ẹ wá Design Capacity àti Full Charge Capacity. Bí èyí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 50,000 mWh, tí èkejì jẹ́ 38,000, bátìrì náà ti kù sí ìdá 76 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ṣì dáa. Bó bá ti wálẹ̀ ju 60 lọ, ẹ yọ iye bátìrì tuntun kúrò nínú owó tí ẹ fẹ́ san. Ẹ tún pa ẹ̀rọ náà, ẹ tàn án, kí ẹ wọ inú BIOS, ìyẹn ojú ètò tó wà ṣáájú kí Windows tó ṣí, kí ẹ rí i pé kò béèrè páswọ́ọ̀dù lọ́wọ́ yín.

Lórí iPad àlòkù, ohun kan ṣoṣo lè sọ owó yín di òfò: Activation Lock, ìyẹn títì tó so ẹ̀rọ mọ́ àkáǹtì ẹni tó ni ín. Ẹni tó ń tà á gbọ́dọ̀ jáde nínú Apple Account rẹ̀ níṣojú yín, kó sì pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́. Ẹ tàn án láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá béèrè páswọ́ọ̀dù ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀, ẹ má san kọ́bọ̀. Android ní irú rẹ̀, àkáǹtì Google ló sì máa ń béèrè.

Ṣájà

USB-C ti sọ gbogbo ẹnu wáyà di ọ̀kan, ìyẹn ló ń tan àwọn èèyàn jẹ. Ṣájà táblẹ́ẹ̀tì sábà máa ń jẹ́ 15W sí 25W. Láptọ́ọ̀pù sábà máa ń fẹ́ 45W tàbí 65W. Bí ẹ bá ki ṣájà 20W bọ láptọ́ọ̀pù, ó lè kọ̀ ọ́, tàbí kó máa gba iná díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹ bá pa á nìkan. Ṣájà 65W lára táblẹ́ẹ̀tì kò léwu rárá, nítorí pé ẹ̀rọ náà ló máa sọ iye tó fẹ́. Wáyà náà ṣe pàtàkì: USB-C lásán kì í gbé ju 60W lọ, èyí tí wọ́n kọ 100W tàbí 240W sí ló lè ṣe jù bẹ́ẹ̀.

Chromebook àti àwọn tó ń ṣe méjèèjì

Chromebook jẹ́ láptọ́ọ̀pù fún ẹni tí gbogbo nǹkan rẹ̀ wà nínú bráúsà. Ó yára lórí RAM tó kéré, kì í sì í dààmú ẹni. Ẹ wo ọjọ́ tí ọ́pdéètì rẹ̀ máa parí kí ẹ tó rà á. Ọdún 10 ni Google ń fún àwọn tó jáde láti ọdún 2021, àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé irú ẹ̀rọ náà jáde ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kíkà, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ rà á.

Àwọn tí ojú wọn ṣeé yọ kúrò lára kíbọ́ọ̀dù, tábìlì ni wọ́n yẹ fún. Lórí itan, ẹsẹ̀ tó gbé ojú wọn dúró máa ń yọ̀. Èyí tí ojú rẹ̀ ń yí padà sẹ́yìn dúró dáadáa, ṣùgbọ́n bí ẹ bá yí i tán, kílò kan ààbọ̀ lẹ gbé lọ́wọ́ láti fi kàwé.

Bí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ bá wà nílé

Ọ̀pọ̀ tó ń wá láptọ́ọ̀pù tuntun ní ọ̀kan tó lọ́ra nílé. Ẹ ṣí Task Manager, ẹ lọ sí Performance, kí ẹ wo Disk. Bó bá kọ HDD síbẹ̀, ibẹ̀ ni ìlọ́ra ti ń wá. Háàdì dísìkì àtijọ́ ń ka nǹkan bíi 100MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kì í sì í tó bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ fáìlì kéékèèké. SSD onínsì 2.5 tó ń wọ inú ihò kan náà ń ka nǹkan bíi 500MB. Ẹ ra ti 256GB tàbí 500GB, ẹ fi ètò ìṣẹ̀dà gbé gbogbo ohun tó wà lórí ti àtijọ́ sórí rẹ̀, ẹ pààrọ̀ wọn, kí ẹ sì sọ RAM rẹ̀ di 8GB bí ihò bá ṣì wà. Bí processor rẹ̀ bá jẹ́ ìran kẹjọ sókè, láptọ́ọ̀pù fọ́ọ̀mù àti lẹ́tà yín ti wà nílẹ̀ nìyẹn, owó tó kù á sì tó ra táblẹ́ẹ̀tì tí ẹ ó máa fi kàwé.